Oògùn kálísíọ́mù kọ́ ló ń mú kí pituitary tú prolactin jáde

Àwọn kan ní kí ìyálọ́mọ máa gbé oògùn kálísíọ́mù mì kí pituitary rẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ ọpọlọ, lè tú prolactin, họ́mọ̀nù omi ọmú, jáde dáadáa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kálísíọ́mù tó wà lóde sẹ́ẹ̀lì pituitary ti fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju tinú lọ. Ẹnu ọ̀nà tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ wà. Iná mànàmáná kékeré tí sẹ́ẹ̀lì náà ń tàn fúnra rẹ̀ ló ń ṣí i: kálísíọ́mù á ya wọlé, àpò kéékèèké tó gbé prolactin á lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, á sì tú u síta. Dopamine, kẹ́míkà kan láti ọpọlọ, ló ń pa iná yẹn. Bí ọmọ bá ń mu ọmú, dopamine á dínkù, prolactin á sì tú jáde. Abájọ tí metoclopramide, oògùn èébì tó ń dí dopamine lọ́wọ́, fi lè mú kí omi ọmú sun lọ́mú ẹni tí kò bímọ.