Katkat kì í ṣe oògùn ẹrẹ̀

Ní Kétu níbí, bí ọkùnrin kan bá ra ọkọ̀ ńlá tòkúnbọ̀ ní Kútọnu, tí ó sì sọ pé òun fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ tí òun yóò máa gbé wọ igbó, tí òun yóò sì máa sùn nínú rẹ̀, ìmọ̀ràn kan náà ni yóò gbọ́ lẹ́nu gbogbo ẹni tí ó bá bi. Wọn yóò ní kí ó gbé ọkọ̀ náà ga sí i, kí ó ra táyà tí ó tóbi ju èyí tí ó bá a wá lọ, kí ó sì jẹ́ kí àwọn alágbẹ̀dẹ jó irin pọ̀ fún un, kí ó lè máa kó ẹrù sí orí ọkọ̀, nítorí pé ọkọ̀ tí ó bá ti jẹ́ katkat, ìyẹn èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, tí ó sì ga, kò sí ẹrẹ̀ tí ó lè mú un. Èmi náà gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fún ọdún mẹ́ta, mo sì náwó lé e lórí. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé kò rí bẹ́ẹ̀, àti pé ohun mẹ́ta tí wọ́n ní kí n fi bẹ̀rẹ̀ yẹn ni ó yẹ kí n fi parí, bí ó bá tilẹ̀ yẹ kí n ṣe wọ́n rárá.

Ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí ni ó là mí lójú. Ẹni tí ó bá ti Pọ́bẹ̀ wá sí Kétu rí mọ̀ pé ilẹ̀ dúdú kan wà ní àfonífojì tí ó pín ilẹ̀ pupa ìhà méjèèjì níyà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ yìí a máa sán, a sì máa là tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ fi lè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀, a di amọ̀ tí ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà, mọ́ ọkọ́ àti mọ́ táyà, tí kò sì fẹ́ tú sílẹ̀. Ó wà lára ohun tí ó gbèjà àwọn ará Ọ̀họ̀rí nígbà tí wọ́n dìde sí àwọn Faransé ní 1914, nítorí àlejò kì í mọ ibi tí òun yóò gbé ẹsẹ̀ lé níbẹ̀. Ọ̀nà ńlá kò ṣòro mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá yà kúrò lórí rẹ̀ sí ọ̀nà oko, ilẹ̀ àtijọ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Oṣù Òkudù ni, lẹ́yìn òjò ọjọ́ méjì. Èmi, àbúrò mi àti ọ̀rẹ́ wa kan ni a jọ lọ. Mo ti gbé ọkọ̀ náà ga ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, mo ti fi táyà fífẹ̀ sí i, irin orí rẹ̀ sì gbé àgọ́, omi, èédú, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan àti ohun tí mi ò tilẹ̀ rántí mọ́. Ẹrẹ̀ tí ó mú wa kò jìn ju kókósẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lásán, amọ̀ ń ta sókè, ọkọ̀ náà sì ń rì díẹ̀díẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi gúnlẹ̀. Nígbà tí ó yá, bàbá àgbẹ̀ kan dé lórí alùpùpù, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí ọkọ̀ wa po lẹ́ẹ̀kan, kò bi wá léèrè irú ọkọ̀ tí ó jẹ́. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kọ́kọ́ sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ ná.” A sọ ẹrù kalẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ méjì tí ó ránṣẹ́ pè fi ọkọ́ gbẹ́ amọ̀ kúrò níwájú táyà, a tẹ́ koríko àti igi sábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ sì jáde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí bàbá yẹn mọ̀ tí èmi kò mọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé agbára ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ó ń ti ọkọ̀ lọ síwájú. Ilẹ̀ ni ọkọ̀ fi ń ti ara rẹ̀, ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan sì ti kan ilẹ̀ kò fi púpọ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Bí ilẹ̀ kò bá di táyà mú, ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára jù lọ ní Kútọnu kàn ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀ ni. Katkat ń pín agbára náà sí ẹsẹ̀ mẹ́rin dípò méjì, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà lórí amọ̀ tí ń yọ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò yọ̀.

Ìkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ rí, ó sì yẹ kí n lò ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, ẹsẹ̀ tí ó wà níta ń rin ọ̀nà tí ó gùn ju ti inú lọ, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ẹ̀rọ kan sáàárín àwọn méjèèjì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní dífarénsíẹ́ẹ̀lì, kí ọ̀kan lè máa yára ju èkejì lọ. Iṣẹ́ rere ni ó ń ṣe lórí títì. Nínú ẹrẹ̀ ẹ̀wẹ̀, bí ẹsẹ̀ kan bá bọ́ sí ibi tí kò ti rí ilẹ̀ dì mú, òun ni yóò máa yí lásán, èkejì tí ó wà lórí ilẹ̀ líle kò sì ní gba agbára ju ìwọ̀nba tí èyí tí ń yí lásán ń gbà lọ. Èyí túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ kan níwájú àti ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn tó láti dá katkat dúró. Àwọn ọkọ̀ kan ní ohun tí a lè fi de dífarénsíẹ́ẹ̀lì náà pọ̀, àwọn tí ó jẹ́ tuntun díẹ̀ sì máa ń fi bíréékì mú ẹsẹ̀ tí ń yí lásán, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé èyí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sì sọ ohun tí àwọn tí ń ta ọkọ̀ kì í fẹ́ sọ. Gbogbo ọkọ̀ tí ó ní ìrísí katkat kọ́ ni ó jẹ́ katkat. Toyota RAV4 àti Highlander púpọ̀ ni ó wà tí ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, wọn kò sì yàtọ̀ sí àwọn tí ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn bí a bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà á dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, kí ó wo abẹ́ rẹ̀: bí kò bá rí ọ̀pá irin tí ó ti iwájú wá, tí ó sì wọ inú dífarénsíẹ́ẹ̀lì láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, kí ó má ṣe san owó katkat. Orúkọ pàápàá ń tan ènìyàn jẹ. Nissan Pathfinder tí wọ́n ṣe láti 2005 sí 2012 dúró lórí férémù irin, èyí tí ó jẹ́ katkat nínú rẹ̀ sì ní gíá àfikún kan tí ń mú kí ẹsẹ̀ máa yí jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára púpọ̀. Èyí tí ó jáde ní 2013 ń jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n kò ní férémù yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gíá náà.

Nípa gbígbé ọkọ̀ ga, àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé a máa ń da gíga ara ọkọ̀ pọ̀ mọ́ gíga abẹ́ rẹ̀. Lórí ọkọ̀ tí irin kan ṣoṣo ti so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, bí a bá fi sípírìngì tí ó ga sí i, ilé ọkọ̀ nìkan ni yóò gòkè. Irin náà àti dífarénsíẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàárín rẹ̀ yóò wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, wọn yóò sì máa họ ilẹ̀ bí àtẹ̀yìnwá. Táyà nìkan ni ó lè gbé wọn sókè. Lórí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti dá dúró, gbogbo rẹ̀ ni yóò gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kádánì tí ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rọ wọ́n fún lọ, wọn yóò sì tètè jẹ. Táyà ńlá náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́: bí ó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ga ju ti ọkọ̀ lọ, aago yóò máa kà 100 nígbà tí ọkọ̀ ń sá 110, bíréékì yóò sì ní iṣẹ́ púpọ̀ sí i láti dá a dúró. Nígbà tí mo dárúkọ bíréékì, kí n fi kún un pé katkat kì í yára dúró ju ọkọ̀ mìíràn lọ, nítorí ẹsẹ̀ mẹ́rin ni gbogbo ọkọ̀ fi ń dúró.

Ohun tí bàbá àgbẹ̀ náà rí lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹrù. Lórí carte grise, ìwé tí gbogbo wa ń gbé ka inú ọkọ̀ láìkà á, ìwọ̀n ọkọ̀ lófìfo wà níbẹ̀, ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá náà sì wà níbẹ̀. Kí a sọ pé èkínní jẹ́ 1.950 kílò, tí èkejì sì jẹ́ 2.500, kílò 550 ni ó kù fún ènìyàn àti ẹrù. Ènìyàn mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn 75 ti gba 300. Omi lítà 40 jẹ́ kílò 40, irin orí ọkọ̀ tí àwọn alágbẹ̀dẹ jó pọ̀ lè tó 45, àgọ́ tí a ń tẹ́ sí orí ọkọ̀ 60, pátákó ibùsùn 35, táyà àfikún kejì 25, firíìjì pẹ̀lú bétírì rẹ̀ 45. Gbogbo rẹ̀ ti pé 550 kí a tó gbé ìkòkò kan ṣoṣo sínú ọkọ̀. Èyí tí ó tún burú jù ni ibi tí a kó o sí. Lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí, ohun tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n gbà kí orí wọn gbé nígbà tí wọ́n bá ń rìn kò ju kílò 75 sí 100 lọ, irin àti àgọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yìí sì ti kọjá ìyẹn. Ọkọ̀ tí ẹrù wà lórí rẹ̀ a máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ní ọ̀nà tí ó dagun, inú amọ̀ sì ni gbogbo ìwọ̀n náà ń tẹ táyà sí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé táyà tí ó yẹ, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì bá ilẹ̀ mu, ṣe pàtàkì ju gíga lọ. Táyà tí wọ́n ṣe fún títì ọlọ́dà, tí ojú rẹ̀ kò jìn, a máa kún fún amọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ó sì di pẹlẹbẹ bí ọmọ ọlọ. Èyí tí ojú rẹ̀ jìn, tí ó sì ní àyè, a máa tu amọ̀ náà dànù bí ó ti ń yí. Lórí yanrìn, bí irú èyí tí ó wà ní etí òkun Sẹ̀mẹ̀, bí a bá dín afẹ́fẹ́ kù láti nǹkan bíi bar 2,3 sí bar 1,5, táyà yóò tẹ́, ibi tí ó ti kan ilẹ̀ yóò gùn sí i, yóò sì léfòó lórí yanrìn dípò kí ó walẹ̀. Kí a máa rìn jẹ́jẹ́ nígbà náà, kí a má ṣe yà lójijì, kí a sì fẹ́ ẹ padà kí a tó gun títì ọlọ́dà, nítorí táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ tó a máa gbóná lórí eré, ó sì lè bẹ́. Fáńfù kékeré tí ń lo iná ọkọ̀ tó fún iṣẹ́ yìí, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́wàá ohun tí mo ná lórí sípírìngì.

Ní ti sísùn, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àga ẹ̀yìn tí a tẹ̀ lulẹ̀, pátákó kan, fóòmù, àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí a rán mọ́ fèrèsé ti tó fún ènìyàn méjì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nítorí atẹ́gùn tútù nígbà tí ó bá ń sùn, nítorí afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn láti ojú oorun. Bídọ́ọ̀nù kpayó, epo bẹntiróòlù tí a ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, kò sì gbọ́dọ̀ bá ènìyàn sùn nínú ọkọ̀ kan náà.

Ọ̀rọ̀ odò náà kò gùn. Àwọn kan gbà pé bí ọkọ̀ bá ti ga, a lè gbé e la odò Ọpara kọjá ní ìlà oòrùn Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà òjò. Bí omi bá gba ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, píísítìnnì kò lè tẹ omi bí ó ti ń tẹ afẹ́fẹ́, ọ̀pá tí ó gbé e yóò tẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà yóò sì parí iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Odò tí ènìyàn kò bá lè fi ẹsẹ̀ là kọjá, kí ó má ṣe fi ọkọ̀ là á.

Ní oṣù tí ó kọjá, a lọ sùn lẹ́bàá àwọn òkè àpáta Ṣábẹ̀ẹ́. Mo ti dá ọkọ̀ mi padà sí gíga tí wọ́n ṣe é sí, mo ti pààrọ̀ ṣọ̀kì àti bíréékì rẹ̀, mo sì gbé okùn, ṣọ́bìrì àti pátákó méjì dání. Àbúrò mi gbé ọkọ̀ kékeré tirẹ̀ tẹ̀lé wa, èyí tí kò jẹ́ katkat rárá, ibi kan náà ni a sì jọ sùn sí. Irin orí ọkọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́ ni ó rà á, ó sì bi mí léèrè bóyá yóò ran òun lọ́wọ́ láti wọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí nígbà òjò. Mo sọ iye kílò tí ó wọ̀n fún un.