Máíkírowéfù kì í mú fọ́nrán kábọ́ọ̀nù gbóná láti inú wá síta

Wọ́n tún ti ń gbé e kiri: "Máíkírowéfù máa ń mú nǹkan gbóná láti inú wá síta. Tí wọ́n bá fi rọ́pò ìléru tí wọ́n fi ń ṣe fọ́nrán kábọ́ọ̀nù, iná kankan kò ní ṣòfò mọ́." Fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ni fọ́nrán dúdú tínínrín tó fúyẹ́ tó sì le; fọ́nrán ike ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yan, kí wọ́n tó mú un gbóná gan-an títí á fi di kábọ́ọ̀nù. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣírò nǹkan kan, àwọn tó ń pín in kiri náà kò sì bi í. Ó ń bí mi nínú, nítorí lílo ìgbì máíkírowéfù láti ṣe fọ́nrán yìí jẹ́ iṣẹ́ gidi, ó sì ní ibi tó ti wúlò. Àsọdùn yìí ni kì í jẹ́ kí èèyàn rí ibẹ̀.

Ojú nǹkan ni ìgbì ti ń wọlé, bó sì ṣe ń wọlé lọ ni agbára rẹ̀ ń dínkù. Wọ́n á ní àwọn ti rí nǹkan tí inú rẹ̀ gbóná ju ojú rẹ̀ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, afẹ́fẹ́ tútù tó yí i ká ló ń gba ooru ojú rẹ̀ lọ.

Fọ́nrán tó ti di kábọ́ọ̀nù máa ń gbé iná mànàmáná. Tí ìdènà iná rẹ̀ bá jẹ́ nǹkan bíi 1.6 × 10⁻⁵ ohm-mítà, ìgbì 2.45 GHz, irú èyí tí máíkírowéfù ilé ìdáná ń lò, kò ní wọlé ju nǹkan bíi 40 máíkírómítà lọ kó tó ku 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìbú fọ́nrán kan ṣoṣo jẹ́ 5 sí 7 máíkírómítà, torí náà ìgbì á la òun já dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe fọ́nrán kan ṣoṣo? Okùn kan máa ń ní 3,000, 12,000, 24,000, kódà ó lè ní 50,000 fọ́nrán. Fọ́nrán mẹ́fà sí mẹ́jọ tó fara kan ara wọn ti pé 40 máíkírómítà. Àwọn tó wà lóde á gba ìgbì, wọn á sì di ògiri fún àwọn tó wà láàárín. Láti òde wọ inú ni ooru ń lọ níbẹ̀, òdì kejì ohun tí wọ́n ń sọ gan-an. Lóòótọ́, tí ìgbì bá dábùú fọ́nrán dípò kó bá a lọ ní gígùn, ó máa ń wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í mú un gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé wọ́n máa ń tẹ́ okùn náà pẹrẹsẹ kó tó wọlé. Okùn 12,000 tí fọ́nrán rẹ̀ jẹ́ 7 máíkírómítà, tí wọ́n bá tẹ́ ẹ títí ó fi fẹ̀ tó 20 mìlímítà, kì í nípọn ju nǹkan bíi 40 máíkírómítà lọ. Ìgbà yẹn ni ìgbì tó lè kan gbogbo rẹ̀.

Èyí tó le jù ni pé ohun tó ń gba inú ẹ̀rọ kọjá kì í dúró bó ṣe wà. PAN funfun, ìyẹn polyacrylonitrile, ike tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìgbì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan án nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi dúdú, kò tíì lè gbé iná síbẹ̀, torí náà nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un gbóná: páìpù silicon carbide tó máa ń gba ìgbì, tàbí plásímà (gáàsì tí wọ́n ti fi iná mànàmáná sọ di èyí tó ń gbé iná), tàbí ìléru lásán tó máa gbé e dé nǹkan bíi 600 sí 700°C. Kété tó bá ti kọjá ibẹ̀, agbára tó fi ń gbé iná á fò sókè lójijì. Ibi tó bá gbóná díẹ̀ ju ibòmíràn lọ á máa gba ìgbì sí i, á sì tún máa gbóná sí i, títí okùn á fi já níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n fi aago darí agbára magnetron, ẹ̀rọ tó ń mú ìgbì jáde. Ẹ̀rọ tó ń ka ooru láti ara ìmọ́lẹ̀ okùn fúnra rẹ̀ ló yẹ kó máa darí rẹ̀.

Fọ́nrán tó ti já tó sì yọ sókè bí irun náà kò ṣeé fojú kéré. Ìgbì máa ń kó jọ sí ṣóńṣó rẹ̀, iná á sì máa ta pàrà. Ó yẹ kí wọ́n kó wọn kúrò kí okùn tó wọlé, kí fífà okùn náà má sì yí padà.

Ìṣòro kan sì wà tí àwọn tó ń pariwo kì í dárúkọ rárá. Páìpù tóóró ni wọ́n máa ń fi sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ kí ìgbì má baà jáde. Páìpù òfìfo máa ń dí ìgbì lọ́nà. Ṣùgbọ́n okùn kábọ́ọ̀nù tó ń gba àárín rẹ̀ jáde ń gbé iná, páìpù náà á wá dà bíi wáyà ẹ́ríàlì, tó ní irin láàárín àti irin yíká. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ kì í dí ìgbì kankan lọ́nà. Ìgbì á tẹ̀ lé okùn jáde bá àwọn òṣìṣẹ́. Páìpù gígùn nìkan kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ohun tó ń gba ìgbì bo inú rẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn ìgbì tó ń jáde ní gbogbo ìgbà.

Ní ti pé iná kankan kò ní ṣòfò: magnetron 2.45 GHz máa ń sọ nǹkan bíi 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó gbà di ìgbì, ti 915 MHz sì lè tó nǹkan bíi 85. Ìyókù ń bá omi tó ń mú un tutù lọ. Ìléru oníwáyà ń sọ gbogbo iná tó gbà di ooru. Ara ògiri àti inú gáàsì tó ń jáde ni tirẹ̀ ti ń ṣòfò. Èrè ìgbì ni pé kò ní láti mú ògiri gbóná, ó sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ tó sì máa ń tètè dúró. Mo gbà pé ní ìpele tí fọ́nrán ti ń di kábọ́ọ̀nù, ní nǹkan bíi 1,000 sí 1,500°C nínú náítírójìn, èrè yẹn lè pọ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìpele yẹn. Yíyan tó ṣáájú rẹ̀, ní 200 sí 300°C, lè gba wákàtí kan sí méjì. Kì í ṣe àìtó ooru ló ń fà á. PAN fúnra rẹ̀ ń mú ooru jáde níbẹ̀, ọ̀pọ̀ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sí i sì wà láti kó ooru yẹn kúrò kó má baà gbiná. Ohun tí wọ́n ń dúró dè ni ọ́síjìn tó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wọ inú fọ́nrán. Tí wọ́n bá fi ìgbì sáré mú un gbóná, ojú rẹ̀ á yan, àárín rẹ̀ kò ní yan, àárín yẹn á sì jó dànù nínú ìléru tó kàn, ihò ló máa kù. Ìdí rèé tí Oak Ridge National Laboratory ní Amẹ́ríkà fi lo plásímà fún yíyan, torí ọ́síjìn inú rẹ̀ máa ń yára ṣiṣẹ́. Ní Jàpáánù, iṣẹ́ tí NEDO, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí lórí agbára àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, kéde ní 2016 pé ó lè dín agbára tí wọ́n ń lò kù sí ìdajì kò fi máíkírowéfù nìkan ṣe é. Wọ́n pààrọ̀ ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè fo yíyan pátápátá, kí máíkírowéfù tó wá ṣe tirẹ̀. Àwọn tó ń pín ìròyìn náà gbàgbé ìdá kìíní yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bíi kìlógíráàmù méjì PAN ló ń di kìlógíráàmù kan fọ́nrán. Agbára tí wọ́n fi ṣe PAN yẹn, máíkírowéfù kò kàn án rárá.

Ẹni tó bá ní òun ti dín iná kù, kó sọ iye kilowatt-wákàtí fún kìlógíráàmù kan, láti ara mítà tó wà lára ògiri, kó ka omi ìtutù, náítírójìn àti iná tí wọ́n fi ń jó hydrogen cyanide, gáàsì olóró tó ń jáde, mọ́ ọn. Kó sọ bóyá PAN funfun ló fi bẹ̀rẹ̀ tàbí èyí tí wọ́n ti yan, àti iye fọ́nrán tó wà nínú okùn rẹ̀. Tó bá ní òun dín àkókò yíyan kù, kó wọn ìwúwo rẹ̀: láti 1.18 ni PAN ti ń gòkè dé nǹkan bíi 1.36 sí 1.38 gíráàmù fún sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan. Lẹ́yìn náà kó gé fọ́nrán náà ní ìdábùú, kó wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Bí àwọ̀ àárín rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti òrùka tó yí i ká, ọ́síjìn kò tíì dé inú.