Ilé tí ewúrẹ́ nìkan ń gbé, ta ló máa kọ́ irú ẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan tó ti ń jẹ mí lẹ́nu tipẹ́. Lọ́nà tí mo máa ń gbà lọ sọ́jà ní Badagry níbí, ilé kékeré kan wà ńbẹ̀, rúùmù kan àti pálọ̀, búlọ́ọ̀kù yẹ̀pẹ̀ pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ, èyí tí wọ́n ń pè ní interlocking. Àwọn tó kọ́ ọ ní àwọn fẹ́ fi han aráàlú pé èèyàn lè kọ́ ilé tí kò ní máa gbóná bí ààrò, tí kò sì ní jẹ sìmẹ́ǹtì púpọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n ta kánópì, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n pín jọ̀lọ́ọ̀fù, èmi gan-an jẹ ńbẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò tán, wọ́n fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń gbébẹ̀ báyìí? Ewúrẹ́.

Etí òrùlé ẹ̀ kúrú, gbogbo òjò tó bá ti rọ̀ ló ń ta sí ìdí ògiri, nígbà tó máa fi di ọdún kejì ìdí ògiri yẹn ti ń bọ́ bíi bùrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. Ní báyìí tó o bá dárúkọ búlọ́ọ̀kù yẹn nípàdé lándílọ́ọ̀dù, wọ́n á ní ṣé irú ilé ewúrẹ́ yẹn? Bàbá kan tiẹ̀ dìde lọ́jọ́ kan, ó ní ilé alámọ̀ tí bàbá òun sá kúrò nínú ẹ̀ lẹ ní kóun padà sí. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tán.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi búlọ́ọ̀kù kọ́ o. Kì í ṣe nǹkan tuntun rárá, láti Colombia ni irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ti jáde láyé 1950 sí 1960. Yẹ̀pẹ̀ pupa, sìmẹ́ǹtì díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ bò ó ní nylon kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò nílò iná. Ohun tó nílò ni ìpìlẹ̀ tó ga àti òrùlé tó yọ etí dáadáa. Wọ́n mọ̀, wọ́n kàn fẹ́ tètè ṣí i ni. Àti pé yanrìn ló pọ̀ nílẹ̀ Badagry tiwa, yẹ̀pẹ̀ pupa yẹn típà ló máa gbé e wá látòkè. Àwọn ìyá tó jókòó tì mí lọ́jọ́ yẹn ń bi ara wọn pé èló ni tírípù kan, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn látorí stage.

Ẹ wá fi wé sólà. Ta ló gé ríbọ́ọ̀nù fún un ládùúgbò wa? Kò sí. Nígbà tí wọ́n yọ sọ́bìsídì ní May 2023, tí bẹntiróòlù fò láti bíi náírà 190 lọ sí nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, bábà tó ń gẹrun fún wa ló kọ́kọ́ lẹ panẹ́ẹ̀lì méjì mọ́ orí ṣọ́ọ̀bù. A jókòó síbẹ̀, fáànù ń yí, klípà ń dún, jẹnẹrétọ̀ ò sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tó wá gẹrun ló ń bi í léèrè, èló ni bátìrì, tójò bá rọ̀ ńkọ́, ta ló bá ẹ ṣe é, ó sì ń dá wọn lóhùn, títí kan pé ínfátà àkọ́kọ́ jó mọ́ òun lọ́wọ́. Èyí tó jó yẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Nígbà tó fi máa tó ọdún kan, mo ka panẹ́ẹ̀lì lórí òrùlé méje ní àdúgbò wa, tèmi wà níbẹ̀.

Torí náà nígbà táwọn èèyàn bá ń sọ pé Nàìjíríà ò gba green building, ìyẹn ilé tí kì í ba àyíká jẹ́, tí kì í sì í jẹ iná púpọ̀, mo máa ń bínú. Ohun táa rí là ń tẹ̀ lé. Ilé ẹ̀kọ́ orí omi tí wọ́n kọ́ ní Makoko ní 2013, gbogbo ayé ló pariwo ẹ̀, òjò wá wó o ní June 2016, ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn ọmọ ò sí nínú ẹ̀. Lọ́dún yẹn náà wọ́n gbé ẹ̀dà kejì lọ sí Venice, ó gba àmì-ẹ̀yẹ níbẹ̀. Venice àti Makoko, ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Wíwó yẹn lẹni tó ń kọjá lórí Third Mainland rántí.

Àwọn ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ ilé tí wọ́n ń pè ní Passivhaus, ìyẹn ilé tí wọ́n dí pa dáadáa kó má baà jẹ iná púpọ̀ láti móoru, ìdílé mẹ́rin ló kó wọ inú àkọ́kọ́ ní Darmstadt ní 1991, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e kalẹ̀, Wolfgang Feist, gbé inú ẹ̀ pẹ̀lú ìdílé ẹ̀. Òtútù ni tiwọn, ooru ni tiwa, ṣùgbọ́n ẹni tó sè é kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ká má tiẹ̀ lọ jìnnà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti Marina ní Badagry níbí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845, wọ́n gbé inú ẹ̀ ni, ó sì dúró di òní.

Ilé ewúrẹ́ yẹn, wọn ò tún fa bíríkìlà àdúgbò mọ́ ọn. Bíríkìlà ló ń sọ fún lándílọ́ọ̀dù ohun tó máa rà jàre! Àwọn tó kọ́ ilé ewúrẹ́ yẹn, mọ́tò ló kó wọn wá, mọ́tò ló kó wọn lọ, ẹ̀rọ náà bá wọn lọ.

Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń yá ẹ̀rọ yẹn báyìí. Ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi ni mo fẹ́ fi kọ́, kékeré ni, etí òrùlé ẹ̀ máa yọ dáadáa. Bíríkìlà mi ò tíì gbà o, ó gba búlọ́ọ̀kù kan lọ́wọ́ mi lánàá, ó kàn án ní ìkúùkù, ó bomi lé e lórí, ó ní kí n fi sílẹ̀ fóun di Sátidé.