Shaun Edwards kọ́ ni olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá Wales

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń pín kiri pé Shaun Edwards gbá rugby fún Wales, àti pé òun ni olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà tí wọ́n gba Grand Slam (kí ẹgbẹ́ kan borí gbogbo ẹgbẹ́ márùn-ún yòókù nínú Six Nations, ìdíje rugby ọdọọdún àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Yúróòpù) ní 2008, 2012 àti 2019, kò rí bẹ́ẹ̀.

Warren Gatland ni olórí nígbà náà. Ìdènà ni Edwards ń kọ́ wọn. Iṣẹ́ kékeré kọ́ o: Faransé náà gbà á fún iṣẹ́ yìí, wọ́n sì gba Grand Slam ní 2022.

Ọmọ Wigan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Rugby league, tí ènìyàn 13 ń gbá, ló gbá tó fi gba Challenge Cup, ife ẹ̀yẹ rugby league, lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Rugby union, ti ènìyàn 15, ni ti Wales. Eré méjì ni, òfin wọn yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Ẹ wo àkọsílẹ̀ Six Nations ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orúkọ Gatland lẹ ó bá gẹ́gẹ́ bí olórí.