Ìṣẹ́jú Méjì Ló Kù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ọ̀làjú ti dé Àkúrẹ́, kó dúró sí Ọjà Ọba lọ́sàn-án gangan. Takisí ń pariwo "Alágbàka! Ó ku ẹnì kan!", àbúrò mi kan sì dúró sínú oòrùn, ó ń retí ọkọ̀ tó fi fóònù pè, ó ń wo mọ́tò kékeré kan tó ń rákò lójú fóònù náà. Ìṣẹ́jú méjì ló kù. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tó ti ku ìṣẹ́jú méjì.

"Kí ló dé tí o ò wọ takisí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló tún ń wọ takisí?"

Awakọ̀ pè. "Ọ̀gá, ibo lẹ wà gan-an?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń ta tòmátì."

Ní Ọjà Ọba o! Lẹ́yìn náà ni ojúlówó ìbéèrè wá dé: "Ṣé owó ni àbí káàdì?" Ó ní káàdì. Bí mọ́tò inú fóònù ṣe di àwátì nìyẹn.

Kò rẹ̀ ẹ́, ó tún pe òmíràn. Ó ní ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà ni yóò gbà wá. Google ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti 2009, Waymo ló ń jẹ́ báyìí, ó ń gbé èrò kiri San Francisco láìsí ẹnikẹ́ni nídìí sítíárì. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọkọ̀ tó máa ń dúró de ẹni tó ń sọdá, bó bá wọ Ọjà Ọba, ọjọ́ wo ni yóò jáde? Bí ọlọ́kadà bá gba ọ̀nà òdì pàdé ẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò yọrí síta bú u?

Àwọn tó mọ̀ nípa ìrìnnà nílùú òyìnbó ní kí ọkọ̀ kéékèèké máa kó èèyàn láti ẹnu ọ̀nà dé ibùdókọ̀, kí bọ́ọ̀sì àti reluwé gbà á níbẹ̀, torí bí kálukú bá ń dá wọ ọkọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò ní tán. Ọgbọ́n tuntun! Ohun tí ìyá mi ń ṣe lọ́nà Ọ̀dà láti ọjọ́ yìí nìyẹn: ọ̀kadà dé títì, takisí elérò dé ọjà. Kò sì fi fóònù ṣe é.

Nígbà tí òógùn rin kọ́là ẹ̀ gbindin, ọ̀gá wọ takisí. Iwájú ló bọ́ sí, àwọn méjì lórí ìjókòó kan, jíà wà láàárín itan ẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun yí gíláàsì sókè, kí ojúlùmọ̀ má baà rí òun. Dírẹ́bà ní gíláàsì yẹn kì í gòkè, kó wá ṣéńjì ẹ̀ sọ́wọ́.

Èmi wà lẹ́yìn. A ò tíì dé Kàtídírà tí fóònù ẹ̀ dún, gbogbo ọkọ̀ ló sì gbọ́ ọ:

"Ọ̀gá, mo ti dé o. Ibo lẹ wà?"