Ta ló ní Linux kò sí fún ẹni tí kò mọ kóòdù?

"Linux kẹ̀? Ti àwọn tó mọ kóòdù nìyẹn o." Ohun tí ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní pílásà kan ní Wuse 2 sọ fún àbúrò mi nípa Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, nìyẹn. Ó ní láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti kú, kó lọ ra tuntun. Agùnbánirọ̀ ni àbúrò mi, iléèwé kan ní Gwagwalada ló ti ń kọ́ni. Ẹ wo iye tí wọ́n ń san fún agùnbánirọ̀ lóṣù, kí ẹ bá mi ṣírò ìgbà tí owó láptọ́ọ̀pù tuntun máa pé.

Kì í ṣe ọmọkùnrin yẹn nìkan ló ń sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Kubwa níbí. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ní ẹni tó bá ń lo Linux, iṣẹ́ yahoo ló ń ṣe. Ó dáa. Bó bá jẹ́ orí fóònù Android lẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, Linux ló wà lọ́wọ́ yín yẹn. Òun ló wà nísàlẹ̀ Android, tó ń darí bátìrì, kámẹ́rà àti gbogbo ohun tó wà nínú fóònù. Ìyá mi tó ń fi àdúrà ránṣẹ́ lórí WhatsApp láràárọ̀, kóòdù wo ni wọ́n mọ̀?

Ọ̀rọ̀ náà ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá ṣá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Linus Torvalds ní Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Linux ní 1991, àwọn tó kọ́kọ́ lò ó sì mọ kọ̀ǹpútà dunjú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti 2004 tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ti gbé Ubuntu jáde, oríṣi Linux kan tó rọrùn lò, nǹkan ti yí padà. Ara Ubuntu ni Linux Mint náà ti jáde, èyí tí mo fi sí láptọ́ọ̀pù àbúrò mi.

Ohun tó tún ń bá orúkọ Linux jẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ni Kali, oríṣi Linux mìíràn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ Linux, Kali ni wọ́n ń sáré lọ dáńlóòdù, torí pé ó dúdú, ó sì ní àwòrán dírágónì. Iṣẹ́ yíyẹ ààbò kọ̀ǹpútà wò ni wọ́n ṣe Kali fún, àwọn tó ṣe é gan-an sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yẹ ẹni tí kò tíì mọ Linux. Ẹni tó fẹ́ kọ́ mọ́tò wíwà, tó lọ fi tírélà bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Lọ́kọ̀ọ́ja, kó má sọ pé mọ́tò ló burú.

Láptọ́ọ̀pù àbúrò mi, èyí tó kéré, tó fúyẹ́ bí ìwé ni. RAM (àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 4GB, àyè ìpamọ́ 32GB péré, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ tí kò ṣeé pààrọ̀. Windows 10 ló bá a wá. Nígbà tó gbé e dé Kubwa ní Sátidé, ilà tó ń fi àyè ìpamọ́ C hàn ti pupa fòò, àyè tó kù níbẹ̀ kò gba fíìmù kan. Windows ń fẹ́ ṣe àpúdéètì, kò ráyè, ó tún ń gbìyànjú. Windows 11 kò sì ṣeé fọkàn sí, torí 64GB ni ó ń béèrè. Microsoft sì ti parí ètò Windows 10 ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, 2025. Linux Mint ní tirẹ̀, 20GB ló ń béèrè, àti RAM 2GB, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB ló máa tuni lára. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Xfce ni mo mú, òun ló fúyẹ́ jù.

Mo ti fi dátà òru fa Mint sílẹ̀, nǹkan bíi 3GB. Mo fi Rufus, ètò kan tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè tàn láti orí fíláàṣì, kọ ọ́ sórí fíláàṣì 8GB. A kó àwọn fọ́tò àti ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí fíláàṣì mìíràn, torí iṣẹ́ yìí máa nu gbogbo ohun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù. Ẹ má fojú kékeré wo ibí yìí o, ibí gan-an lẹkún ti ń bẹ̀rẹ̀.

A tan láptọ́ọ̀pù láti orí fíláàṣì. Mint ṣí sílẹ̀ láìtíì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, kéèyàn lè kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àǹfààní rẹ̀ nìyẹn: ẹ gbọ́ bóyá ohùn ń jáde, ẹ wo bóyá kámẹ́rà ń ríran. Ti àbúrò mi, gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ àyàfi Wi-Fi. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Mo ní kó mú fóònù rẹ̀ wá, a fi okùn ṣájà so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, a tan USB tethering, tó ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù lo dátà fóònù, dátà wọlé. Lẹ́yìn tí a fi Mint sí i tán, a ṣí Driver Manager, ibi tí Mint ti ń wá ètò tí àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà nílò, ó rí ohun tí Wi-Fi náà ń fẹ́, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, a pa á, a tún un tàn, ó parí.

Ìbéèrè tó bi wá kò ju èdè, kíbọ́ọ̀dù, orúkọ, ọ̀rọ̀ ìwọlé àti ìlú tí a wà lọ. Níbi ìlú, Lagos nìkan ló wà fún gbogbo Nàìjíríà. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún un pé Abuja la wà!" Níbi kíbọ́ọ̀dù, ó rí Yoruba, Hausa àti Igbo lábẹ́ Nigeria. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ "oko" sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, tí wọn kò mọ̀ bóyá ọkọ ni àbí ọkọ́.

Iná lọ láàárín iṣẹ́. Bátìrì kún, a ò tiẹ̀ gbé orí sókè.

Mi ò ní tan yín: CorelDRAW kò sí fún Linux, ẹni tó bá ń fi í jẹun kó má dán an wò. Microsoft Word náà kò sí níbẹ̀, LibreOffice ló wà, ó ń ṣí fáìlì Word, ṣùgbọ́n tébù lè yẹ̀ díẹ̀ nígbà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni Linux kò ní sọ 4GB di 8GB. Bí àbúrò mi bá ṣí ojú-ewé ogún nínú Firefox, ó máa fà. Méje mẹ́jọ, kò sí wàhálà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó pè mí lálẹ́. Láptọ́ọ̀pù agùnbánirọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀, fíláàṣì mi tí kò tíì dá padà sì wà lára rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, HP ni tiwa, ti ọ̀rẹ́ mi Lenovo ni. Èwo ni ká tẹ̀ kó lè tàn láti orí fíláàṣì?" Mo ní ti HP ni F9, kó gbìyànjú F12 lórí Lenovo. Ó ní ó ti yọ, ó sì já fóònù mọ́ mi létí.