Ọkọ̀ oníná tó rí bákan: ṣé ó ń sọ ibi tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ?

Ọmọ Ìlọrin ní Gwarinpa
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ní Sátidé tó kọjá ni mo dúró níbi iná tíráfíìkì ní Wuse 2, ni Cybertruck kan, ọkọ̀ akẹ́rù oníná onígun tí Tesla ṣe, bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti rí i nínú fídíò láìmọye ìgbà, àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fojú kò ó nìyẹn. Irin rẹ̀ kò ní ọ̀dà rárá. Eruku ọyẹ́ ti bò ó, ojú ìka ọwọ́ èèyàn sì hàn gàdàgbà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé fọwọ́ òróró kan abọ́ síténíìsì. Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó tì mí ní, "Wò ó dáadáa o, báyìí ni gbogbo ọkọ̀ ṣe máa rí tó bá fi máa di ọdún mẹ́wàá sí i."

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, a sì jiyàn dé Jabi. Ẹ bá mi dá sí i. BMW gbé ọkọ̀ oníná kékeré kan, i3, jáde lọ́dún 2013. Kábọ́ọ̀nù fáíbà, fọ́nrán tó fúyẹ́ tó sì le, ni wọ́n fi kọ́ ilé inú rẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sẹ́yìn, táyà rẹ̀ ga, ó sì tín-ín-rín. Gbogbo ayé ní ọ̀la BMW ti dé. Wọ́n ṣe nǹkan bí 250,000, wọ́n sì dá a dúró ní 2022. Kí ló tẹ̀lé e? iX3 ti 2020, tó jẹ́ pé bí o kò bá wo àmì ara rẹ̀, X3 elépo ni wàá pè é. Lójú tèmi, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ tó rí bákan ń fi ẹsẹ̀ kan wọn odò wò ni. Kò tíì sọ pé òun máa wọ odò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Zaria
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn. Awọ lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo iṣan. Ẹ sọ̀rọ̀ i3 bí ẹni pé ó kú láì fi ọmọ sáyé. Ó fi ọmọ sáyé o. Kábọ́ọ̀nù fáíbà tí BMW torí i3 kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe púpọ̀, òun náà ni wọ́n fi sínú ara 7 Series ti 2015, láàárín irin òrùlé àti òpó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọkọ̀ náà lè fúyẹ́. Ẹni tó ń gun 7 Series yẹn kiri Asokoro lè má fẹ́ràn i3 rárá, àmọ́ nǹkan i3 wà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí Cybertruck fúnra rẹ̀. Láti bí àádọ́rin ọdún ni ọkọ̀ ti ń lo iná 12 fóòtì (volt, òǹkà agbára tó ń ti iná) fún fìtílà, wáípà àti fèrèsé. Cybertruck ń lo 48. Kò sí irin tó so sítíárìn rẹ̀ mọ́ táyà, wáyà ló ń gbé àṣẹ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Tesla fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn nípa bí wọ́n ṣe lè ṣe ọkọ̀ oní-48 fóòtì, Jim Farley tó jẹ́ ọ̀gá Ford sì jẹ́rìí pé ó tẹ òun lọ́wọ́. Ẹni tó kàn ń ṣeré, ṣé ó máa pín ìwé fún alábàádíje rẹ̀? Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Cybercab, tákísí tó ń wa ara rẹ̀, hàn ní oṣù Kẹwàá 2024, kò ní sítíárìn, kò ní bíréèkì ẹlẹ́sẹ̀. Tí ẹ bá sì wo Model Y tuntun ti 2025, ọkọ̀ Tesla mìíràn, ìlà iná gbọọrọ tó gba iwájú rẹ̀ kọjá láti ìkangun dé ìkangun, ẹ ó mọ̀ pé ara Cybertruck ló ti wá.

Bàbá Rewáyà Apo
Ọmọ Zaria, o káre. Ọ̀rọ̀ tó kàn mí gan-an lo sọ yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ iná rí.

Lọ́sẹ̀ yìí ni mo tú gbogbo wáyà Camry tòkunbọ̀ kan tí omi ti mù. Nígbà tí mo fà á jáde tán lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ìdì wáyà náà ki tó ọrùn ọwọ́ mi. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé e kọ́ èjìká bí ẹni gbé okùn màlúù, ó sì ń mí. Kọ́pà ni gbogbo rẹ̀. Kí ló dé tó fi ki tó bẹ́ẹ̀? Ẹ fi í wé omi ẹ̀rọ. Tí agbára tó ń ti omi bá kéré, páìpù gbọ̀ngbọ̀n lẹ máa rì kí omi tó lè kún táǹkì. Tí agbára náà bá pọ̀, ọ̀ọ̀sì kékeré tó o. 12 fóòtì kéré, nítorí náà iná tó ń ṣàn nínú wáyà gbọ́dọ̀ pọ̀. Tí ẹ bá sọ ọ́ di 48, ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn, iná tó máa ṣàn fún iṣẹ́ kan náà á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Wáyà á tẹ́ẹ́rẹ́. Ooru inú rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ẹni tó ti rí wáyà tó yọ́ lẹ̀ mọ́ra wọn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú oòrùn oṣù Kẹta Abuja, tó sì ti fi ọjọ́ méjì gbáko wá ibi tó ti jóná, mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Àmọ́ mo ní ìbẹ̀rù kan. Gílóòbù, rílé, họ́ọ̀nù, mọ́tò wáípà, gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ ní Apo àti ní Zuba, 12 fóòtì ni. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà tí gbogbo wọn ń lọ nìyẹn, mo fẹ́ tètè mọ̀. Bóyá ọkọ̀ ní igun tàbí kò ní igun kò kàn mí.

Awakọ̀ Maitama
Ẹ ṣeun, Bàbá. Èmi ọ̀gá ni mò ń gbé kiri, ìjókòó ẹ̀yìn ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Mercedes mú EQS, ọkọ̀ oníná ńlá wọn, jáde ní 2021. Wọ́n ha ara rẹ̀ dán bí ẹyin kí atẹ́gùn má bàa dí i lọ́wọ́, òǹkà àtakò atẹ́gùn rẹ̀ (bó bá ti kéré sí i ló ń dáa sí i) jẹ́ 0.20, bátìrì á sì lè gbé e jìnnà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n òrùlé tó da gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, orí ta ló ń dà lé? Ní Abuja níbí, ẹni tó lówó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wà á fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, ó sì ń dé fìlà. Hula ga. Gọbi ga. Ẹni tó bá ti gun S-Class, ọkọ̀ ọlọ́lá wọn tó ń lo epo, kò fẹ́ tẹ orí ba kó tó lè jókòó.

Ẹ wá wo ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe. Ní 2024 wọ́n dá ìràwọ̀ tó ń dúró lóòró padà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì EQS. Ní 2025, GLC oníná tí wọ́n fi hàn ní Munich, gìríìlì ńlá bíi ti àwọn Mercedes àtijọ́ ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀nà tí EQS yà sí, àwọn tó ṣe é fúnra wọn ló ṣẹ́rí padà níbẹ̀. Nítorí náà mo wà lẹ́yìn Ọmọ Ìlọrin.

Akẹ́kọ̀ọ́ Zaria
Bọ̀dá Awakọ̀, òótọ́ lẹ sọ nípa ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n CLA oníná ti 2025, 0.21 ni òǹkà atẹ́gùn tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ EQS kò lọ, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀.

Tíṣà Lugbe
Ẹ kú àríyànjiyàn. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀.

General Motors ṣe ọkọ̀ oníná kan tí wọ́n ń pè ní EV1, ó jáde ní 1996. Ó rí bákan ju gbogbo èyí tí ẹ ń dárúkọ lọ: wọ́n fi ara ọkọ̀ bo táyà ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìdajì, ènìyàn méjì péré ló ń gbà, òǹkà atẹ́gùn rẹ̀ sì jẹ́ 0.19. 1,117 ni wọ́n ṣe. Wọn kò tà á fún ẹnikẹ́ni, wọ́n fi í háyà ni. Nígbà tó yá, wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pa. Àwọn kan lára àwọn tó gbà á háyà bẹ̀bẹ̀ pé àwọn fẹ́ rà á, wọn kò gbà. Ní 2002, kí ni GM gbé síta? Hummer H2, ọkọ̀ ràgàjì tó ń mu epo bí ẹni mu omi.

Ẹ rí i pé EV1 sọ òtítọ́ nípa ibi tí ayé ń lọ. Kò sọ òtítọ́ nípa ibi tí ilé-iṣẹ́ tó bí i ń lọ. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àwa sì ti ń pò wọ́n pọ̀ láti àárọ̀. Tí mo bá fẹ́ mọ ọkàn ilé-iṣẹ́ kan, n kì í wo ọkọ̀ tó gbé síwájú oníròyìn. Mo máa ń wo ọkọ̀ kejì àti ìkẹta tó tẹ̀lé e, bóyá wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ẹ foríjì mí tí mo bá gùn jù. Ọ̀rọ̀ EV1 yẹn máa ń dùn mí.

Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ní Jos
Àǹtí Tíṣà, ẹ kò gùn jù rárá. Ìdánwò tí ẹ là sílẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ fi yẹ Hyundai wò.

Ní 2019 wọ́n fi ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní 45 hàn ní Frankfurt. Ó jẹ́ onígun, ó jọ àpótí. Ìdí orúkọ náà ni pé ó pé ọdún 45 tí wọ́n fi Pony Coupe hàn ní Turin, èyí tí Giugiaro ará Ítálì yà fún wọn ní 1974. Ojú bàbá àgbà ni wọ́n lọ wò kí wọ́n tó ya ti ọmọ. Ní 2021 ó di Ioniq 5, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi hàn. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin kéékèèké bí ojú pátákó dráfù. Wọ́n gbé àwọn ojú dráfù yẹn lọ sí Ioniq 6, wọ́n gbé e lọ sí Ioniq 9, kódà Inster kékeré ní in. Àbúrò jọ ẹ̀gbọ́n.

Kì í ṣe iná nìkan o. Nítorí pé kò sí ẹ́ńjìnnì tó gba iwájú, wọ́n ti táyà Ioniq 5 lọ sí ìkangun. Láti táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 3, ó sì gùn ju ti Palisade tó jẹ́ jíìpù ńlá wọn lọ. Tí ọ̀gá Bọ̀dá Awakọ̀ bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, á na ẹsẹ̀. Ọkọ̀ tó rí bákan nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbà á gbọ́.

Ìyá Àdùkẹ́ Kubwa
Gbogbo yín ẹ kú iṣẹ́. Èmi ń wo àpò. Nígbà tí wọ́n fi Cybertruck hàn ní 2019, 39,900 dọ́là ni wọ́n pè é. Nígbà tó máa fi jáde ní ìparí 2023, iye tó kéré jù tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti di 60,990, èyí náà kò sì tíì sí nílẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2025 wọ́n pe iye tó lé ní 46,000 padà, torí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òrùlé rẹ̀ lè já bọ́ lórí eré. Musk, ọ̀gá Tesla, ti fẹ́ máa ṣe 250,000 lọ́dún. Iye tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2024 kò pé 40,000. Ilé-iṣẹ́ lè fẹ́ ọ̀nà kan tọkàntọkàn kí oníbàárà má bá a rìn. Ta wá ni yóò pinnu ibi tí wọ́n ń lọ?

Ọmọ Ọ̀fà ní Maiduguri
Ìyá Àdùkẹ́, ẹ ti fọwọ́ ba ibi tó ń dùn mí. Ní oṣù Kìíní 2021 ni àwọn oníṣẹ́ ibi wó òpó tó ń gbé iná wá sí Maiduguri. Ọ̀pọ̀ oṣù la fi wà nínú òkùnkùn. Níbí kan náà ni Mustapha Gajibo ti ń yí kẹ̀kẹ́ Nàpẹ́pù elépo padà sí oníná, tó sì kọ́ bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lo agbára oòrùn. Kò sẹ́ni tó jókòó ya igun ẹwà sí bọ́ọ̀sì yẹn lára. Oòrùn tó wà, iná tí kò sí, òun ló sọ bó ṣe máa rí. Ní Sókótó náà, ibùdó tí ìjọba ṣe sí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní 2021 fún gbígba iná sọ́kọ̀, sòlá ló ń lò. Tí ẹ bá ń wá ọkọ̀ tó rí bákan tó sì ń sọ ibi tí a ń lọ ní àríwá níbí, ẹ má wo òkè òkun nìkan.

Ọmọ Ìlọrin ní Gwarinpa
Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan kò kúrò lọ́kàn mi: igun ara Cybertruck yẹn kò ní dé ara Corolla láéláé, ọ̀gbẹ́ni tá a jọ wọkọ̀ ṣìnà. Ṣùgbọ́n èmi náà ṣì ojú wò. Mo ka i3 sí òkú nítorí pé mo ń wá ojú rẹ̀ lára àwọn àbúrò rẹ̀, n kò wá egungun rẹ̀. Àǹtí Tíṣà, ẹ ṣeun fún EV1, n kò gbọ́ ìtàn yẹn rí.

Bàbá Rewáyà, tí wáyà bá wá tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé iṣẹ́ yín á dín ni?

Bàbá Rewáyà Apo
Kò ní dín. Á le sí i ni. 48 kò ní pa èèyàn, àmọ́ bátìrì tó ń wa ọkọ̀ náà gan-an, 400 fóòtì ni, òmíràn 800. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń fi ahọ́n tọ́ wò bíi bátìrì rédíò. Wáyà rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ọsàn kí ojú lè tètè rí i. Ọkọ̀ oníná kan wọ ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo wa yí i ká, a ń wo wáyà ọlọ́sàn yẹn, kò sí àgbà kan nínú wa tó ṣí nǹkan kan. Wọ́n tì í jáde bó ṣe wọlé.

Ọmọ Zaria, ìgbà wo lò ń bọ̀ l'Abuja? Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí o wá fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń pa iná yẹn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Akẹ́kọ̀ọ́ Zaria
Sátidé tó ń bọ̀, Bàbá. Mo máa mú ibọ̀wọ́ rọ́bà tó lè dènà iná 800 fóòtì wá láti ilé-ẹ̀kọ́, tí ọ̀gá wa bá fún mi láyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún oníṣọ̀ọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yín kó bá wa pe ẹni tó ni ọkọ̀ yẹn padà.